Àwọn RNA Tí Kì í Di Purotéènì, àti Bí Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀ Ṣe Ń Fi Wọ́n Sá fún Ààbò Ara

Láti ìgbà Kòrónà ni kò ti sí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ RNA rí. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ń sọ ọ́, ẹni tó sá fún abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọ́. Nítorí náà, bí ìròyìn bá gbé e pé RNA kan wà tó ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ààbò ara, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń bá wí. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ rárá. RNA tí à ń sọ yìí ti wà nínú ara yín kí wọ́n tó bí yín, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì jọ ti inú abẹ́rẹ́ Kòrónà.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni DNA wà, inú DNA sì ni àkọsílẹ̀ gbogbo purotéènì ara wà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe purotéènì kan, á da apá tó kàn kọ sórí RNA, RNA yẹn á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe purotéènì. RNA oníṣẹ́ nìyẹn, irú rẹ̀ ló sì wà nínú abẹ́rẹ́ Kòrónà. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi gbà pé òun gan-an ni baba ìsàlẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka DNA ènìyàn tán, wọ́n rí i pé jíìnì tó ń di purotéènì kò ju nǹkan bí 20,000 lọ, àpapọ̀ àkọsílẹ̀ purotéènì inú wọn kò sì tó ìdá 2 nínú 100 DNA wa. Àwọn kan ti ń pe ìyókù ní pàǹtí. Wọn ò mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ń da ọ̀pọ̀ nínú "pàǹtí" yìí kọ sórí RNA pẹ̀lú, RNA tí kò ní di purotéènì láéláé, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn kan nínú rẹ̀ ni kí wọ́n máa darí àwọn RNA àti purotéènì yòókù.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọba kọ lẹ́tà sí àwọn alágbẹ̀dẹ pé kí wọ́n rọ ọgọ́rùn-ún ọkọ́. Lẹ́tà yẹn ni RNA oníṣẹ́. Ẹnìkan wá lúgọ sójú ọ̀nà, ó ń já àwọn lẹ́tà náà gbà, ó ń fà wọ́n ya. Ọba kò yí ọ̀rọ̀ padà, alágbẹ̀dẹ kò ya ọ̀lẹ, síbẹ̀ ọkọ́ mẹ́wàá péré ló jáde. Ẹni tó lúgọ yẹn ni microRNA.

Kékeré ni microRNA: nínú àwọn ẹyọ tí wọ́n tò pọ̀ di RNA, bí ìgbà tí lẹ́tà ábídí ń di ọ̀rọ̀, nǹkan bí 22 péré ló ní. Ní 1993 ni Victor Ambros àti Gary Ruvkun tẹ ohun tí wọ́n rí nípa èyí àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Inú aràn kan tí kò gùn ju mìlímítà kan lọ ni wọ́n ti rí i, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò fi kà á sí: wọ́n ní ọ̀rọ̀ aràn ni, kí ló kan ènìyàn níbẹ̀? Ní 2000 ni Ruvkun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé microRNA mìíràn, let-7, wà lára ẹranko oríṣiríṣi títí dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ẹnu wọn wọhò. Ní 2024, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel, a sì ti mọ̀ báyìí pé ènìyàn ní ju ẹgbẹ̀rún kan microRNA lọ.

Orí microRNA nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Àwọn RNA gígùn wà, tí wọ́n ju ẹyọ 200 lọ, tí àwọn kan nínú wọn ń lẹ̀ mọ́ purotéènì, tí wọ́n á sì yí ìwà rẹ̀ padà. RNA olóbìírípo náà wà: orí àti ìrù rẹ̀ so pọ̀, nítorí náà àwọn ohun tó ń jẹ RNA láti orí tàbí ìrù kò ríbi gbá a mú, á sì pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ju àwọn yòókù lọ. Ẹ fi olóbìírípo yìí sọ́kàn, nítorí òun ló ṣe iṣẹ́ ibi tí mo fẹ́ ká wò fínnífínní.

Ẹ̀dọ̀ àti ìfaradà rẹ̀

Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ ló ń ti ìfun bọ̀ tààrà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a jẹ, ohun tí a mu, àti àjákù bakitéríà tó ń gbé inú ìfun. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń bá gbogbo àjèjì tó ń wọlé jà, ojoojúmọ́ ni ì bá máa wú. Ló bá kọ́ láti máa fara dà á. Ní 1969, Roy Calne, oníṣẹ́ abẹ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé bí àwọn bá gbé ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan sínú òmíràn, ara ẹlẹ́dẹ̀ tó gbà á lè tẹ́wọ́ gbà á láìlo oògùn tó ń tẹ ààbò ara lórí ba. Kíndìnrín kì í rí irú ojúrere bẹ́ẹ̀.

Jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ń jogún ìfaradà yìí ni. Ilé tí kì í lé àjèjì ló ti dàgbà.

Lọ́dọ̀ wa, ohun mìíràn tún wà tó ń tì í lẹ́yìn. Ìwádìí ńlá tí wọ́n fi wo HIV káàkiri Nàìjíríà ní 2018 wo àrùn mẹ́dọ̀wú pẹ̀lú, ó sì rí i pé ìdá 8.1 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ní fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀, nítorí kì í dùn wọ́n níbì kankan. Ẹ wá fi aflatoxin kún un, májèlé tó ń jáde lára ohun tó ń hù sára ẹ̀pà àti àgbàdo tí wọn kò sá gbẹ dáadáa. Májèlé yìí máa ń ba jíìnì TP53 jẹ́ lójú kan náà, jíìnì tó yẹ kó dá sẹ́ẹ̀lì dúró bó bá fẹ́ ya ìpáǹle. Ẹni tí fáírọ́ọ̀sì B àti aflatoxin bá pàdé lára rẹ̀, ewu tirẹ̀ ju àròpọ̀ ewu méjèèjì lọ.

Kí ló kan ààbò ara nínú eléyìí? Fáírọ́ọ̀sì B lè gbé inú ẹ̀dọ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì T, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ti bàjẹ́, ń jà láìsinmi. Nígbà tó bá yá, ó rẹ̀ wọ́n. Àwọn purotéènì kan á wá pọ̀ lára wọn, bíi PD-1 àti TIM-3, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sinmi ìjà. Jẹjẹrẹ mọ èyí. Á gbé purotéènì mìíràn, PD-L1, sára tirẹ̀ láti máa tẹ PD-1 àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìjà á sì rọ̀.

Orí ìmọ̀ yìí ni wọ́n gbé àwọn oògùn tó ń tú ààbò ara sílẹ̀ kà, èyí tí James Allison àti Tasuku Honjo gba Nobel lé lórí ní 2018. Fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, 2020 ni ọdún tí ọ̀rọ̀ yí padà: wọ́n so oògùn méjì pọ̀, atezolizumab àti bevacizumab, wọ́n sì fi wé sorafenib tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 67 nínú 100 àwọn tó gba oògùn méjì náà ṣì wà láàyè, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 55 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó gba sorafenib. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó gba oògùn méjì yìí, nǹkan bí mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá ni kókó jẹjẹrẹ wọn sún kì dáadáa. Àwọn méje yòókù ńkọ́? Ibẹ̀ ni àwọn RNA wa ti wọ ọ̀rọ̀.

RNA olóbìírípo tó ń rìnrìn àjò

Ní 2020, àwọn oníwádìí kan ní Shanghai tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí RNA olóbìírípo tí wọ́n ń pè ní circUHRF1. Wọ́n rí i pé ó pọ̀ nínú kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ju ẹran ẹ̀dọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tó yani lẹ́nu ni pé kò dúró sínú jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń dì í sínú àwọn àpò tín-íntín tí wọ́n ń pè ní exosome, á tú u sínú ẹ̀jẹ̀, àpò náà á sì dé ara sẹ́ẹ̀lì NK. Àwọn NK yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń kọjú ìjà sí jẹjẹrẹ. Wọn kì í dúró gba àṣẹ kí wọ́n tó pa sẹ́ẹ̀lì tó bá bàjẹ́.

Nínú NK tí ara rẹ̀ pé, microRNA kan wà tó ń jẹ́ miR-449c-5p. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa ya lẹ́tà TIM-3, kí TIM-3 má bàa pọ̀ jù. Nígbà tí circUHRF1 bá wọlé, ó ní àwọn ojú ibi lára tí miR-449c-5p lè lẹ̀ mọ́. Yóò fa microRNA náà mu bíi kànrìnkàn. Kò ní sí ẹni tí yóò ya lẹ́tà TIM-3 mọ́, TIM-3 yóò gbèrú lára NK, NK yóò sì dẹwọ́: ìwọ̀n IFN-γ àti TNF-α tó ń tú jáde yóò dín kù, bẹ́ẹ̀ àwọn kẹ́míkà méjèèjì yìí wà lára ohun ìjà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dín circUHRF1 kù nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n gbìn sára eku, oògùn tó ń dènà PD-1 bẹ̀rẹ̀ sí í ran eku náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Jẹjẹrẹ kò fọwọ́ kan DNA inú NK. Kò ba jíìnì TIM-3 jẹ́, kò sì kọ lẹ́tà tuntun. Ó kàn rán RNA kan lọ láti mú ẹni tó ń ya lẹ́tà nídè. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ RNA yìí yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa jẹjẹrẹ níléèwé nìyẹn, níbi tí gbogbo ẹ̀bi ti máa ń jẹ́ ti jíìnì tó bàjẹ́.

Àwọn mìíràn wà tí ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. RNA gígùn kan, lnc-EGFR, ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì T amúnisinmi lọ́wọ́ láti pọ̀ sí i, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa pẹ̀tù sí ìjà. Òmíràn, lnc-Tim3, ń lẹ̀ mọ́ TIM-3 fúnra rẹ̀. Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni circMET, tí òun náà jẹ́ olóbìírípo. CXCL10 ni kẹ́míkà tí ẹran ara fi ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì T pé kí wọ́n máa bọ̀. Bí circMET bá pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ gba ara microRNA miR-30-5p, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni pé purotéènì kan, DPP4, á máa gé CXCL10 sí wẹ́wẹ́. Ìpè kò dé etí àwọn sẹ́ẹ̀lì T, wọn kò sì ní wọ inú kókó náà. Ẹni tó bá ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà lè ti mọ orúkọ DPP4, nítorí òun ni oògùn ìtọ̀ ṣúgà sitagliptin ń dènà. Àwọn oníwádìí yẹn wo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà tó ń lo sitagliptin, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì T tó wọ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sáré lọ ra sitagliptin o. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹran ara àwọn aláìsàn díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé oògùn náà ń wo jẹjẹrẹ.

Ọ̀rẹ́ ẹni níbì kan, ọ̀tá ẹni níbòmíràn

Ẹni tó bá ti ń rò ó pé kí wọ́n kúkú kó gbogbo RNA wọ̀nyí dànù, ẹ gbọ́ ti miR-122. Òun nìkan ló kó nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 gbogbo microRNA inú ẹ̀dọ̀. Ní 2005, wọ́n rí i pé fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú C kò lè pọ̀ sí i láìsí i. Ńṣe ni fáírọ́ọ̀sì náà ń fi í bora. Wọ́n wá ṣe oògùn tó ń dí miR-122, miravirsen, tí àbájáde ìdánwò rẹ̀ lára ènìyàn jáde ní 2013, fáírọ́ọ̀sì C sì lọ sílẹ̀ lára àwọn tó gbà á. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2012, àwọn oníwádìí ti fi hàn pé eku tí wọ́n yọ miR-122 kúrò lára rẹ̀ máa ń ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ náà á wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú IL-6 àti TNF, àwọn kẹ́míkà tó ń mú ẹran ara wú, jáde á rọ́ wọ ibẹ̀, nígbà tó bá yá, jẹjẹrẹ á yọ. RNA kan náà tí fáírọ́ọ̀sì C ń sá pamọ́ sí lẹ́yìn ló ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ.

Ìtàn MRX34 le ju ìyẹn lọ. Ọ̀rẹ́ p53, purotéènì tí jíìnì TP53 ń ṣe, ni microRNA miR-34a, ó máa ń dín kù nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, ó sì wà lára ohun tó ń mú PD-L1 wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà wá ṣe àtọwọ́dá rẹ̀, wọ́n pè é ní MRX34, wọ́n dì í sínú ìpọ́nńpọ́n ọ̀rá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú iṣan àwọn aláìsàn ní 2013. Àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà lára wọn. Òun ni microRNA àtọwọ́dá àkọ́kọ́ tí wọ́n dán wò lára ènìyàn fún jẹjẹrẹ, ìrètí sì pọ̀. Ènìyàn 85 ló gbà á. Kókó jẹjẹrẹ sún kì lára àwọn mẹ́ta. Àwọn mẹ́rin kú nítorí pé ààbò ara wọn ya wèrè. Ní 2016, wọ́n dá a dúró.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu. MicroRNA kan lè ya lẹ́tà ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì, ìpọ́nńpọ́n ọ̀rá yẹn kò sì dé inú jẹjẹrẹ nìkan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun náà gbé e mì. Ẹ bá ojú iṣan wọ inú ara lọ ṣàtúnṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá retí pé ààbò ara á jókòó jẹ́ẹ́? Nígbà tí mo bá ń ka ìròyìn tó ní "wọ́n ti rí RNA tó lè wo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀", MRX34 ni mo máa ń rántí, mo sì máa ń wò ó bóyá ara eku ni àbí ara ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni, ara eku ni.

Kì í ṣe pé RNA kò lè di oògùn. Láti 2018 ni oògùn RNA kan, patisiran, ti wà fún àrùn iṣan ara kan tí orísun rẹ̀ wà nínú ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ́ láti so RNA mọ́ ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní GalNAc, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà fún. Bí inclisiran, oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ṣe ń dé ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì T àti NK kò ní ẹnu ọ̀nà yẹn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ti burú gan-an náà sì máa ń pàdánù rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀dọ̀ tó dára ni oògùn ń dé ní ìrọ̀rùn jù, nígbà tó jẹ́ pé inú NK ni TIM-3 ti ń gbèrú.

Ibi tí oògùn tó ń dojú kọ RNA ti sún mọ́ wa jù báyìí kì í ṣe orí jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ bí kò ṣe orí fáírọ́ọ̀sì B tó ń bí i. Bepirovirsen ń lẹ̀ mọ́ RNA fáírọ́ọ̀sì náà kí ó lè bà á jẹ́. Nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 24, nǹkan bí 9 sí 10 nínú 100 àwọn tó gba ìwọ̀n tó ga jù ló wà tí wọn kò rí fáírọ́ọ̀sì àti àmì rẹ̀ mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ tán. Ó kéré, àmọ́ oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kì í sábà ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn RNA yìí tún wúlò fún àyẹ̀wò. Ìwádìí kan ní Ṣáínà ní 2011 kó microRNA méje jọ láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 934, miR-122 àti miR-21 sì wà lára wọn, ó sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹni tí mẹ́dọ̀wú B tàbí ẹ̀dọ̀ tó ti le nìkan ń bá jà. Àmọ́ bí ẹnìkan bá sọ fún yín ní ọjà tàbí lórí WhatsApp pé òun ní àgúnmu tó ń tún RNA ẹ̀dọ̀ ṣe, ẹ di owó yín mú. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun ní mẹ́dọ̀wú B, pàápàá bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti le tàbí tí ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rí, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ AFP àti fífi ẹ̀rọ ultrasound wo ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Kókó tó bá ṣì kéré ni oníṣẹ́ abẹ lè gé kúrò. Ẹni tí kò tíì mọ̀, àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B kò gbà ju ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ orí ìka lọ. Ọmọ tuntun ní láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i, kí ó sì gba èyí tó kù bó bá ṣe ń dàgbà. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ náà ti wà nínú ètò àjẹsára Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni.